Ìjì Ò Gba Láísẹ́ǹsì, Títì Ló Ní Òfin

Tí ẹ bá ń gbé ní Oklahoma City, ọ̀sán Sátidé kì í dákẹ́. Tó bá ti di agogo méjìlá, àwọn fèrè ìkìlọ̀ á ké jákèjádò ìlú, kí àwọn aláṣẹ lè mọ̀ pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Àlejò á ta gìrì, onílé á máa jẹun rẹ̀ lọ. Àmọ́ tí fèrè náà bá ké lọ́jọ́ mìíràn, pàápàá láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, kò sẹ́ni tó ń jẹun mọ́. Oníkálukú á wá yàrá tí kò ní fèrèsé wọ̀, tàbí ihò ààbò abẹ́ ilẹ̀ tó bá ní in. Àkókò yẹn gan-an làwọn kan ń kó sínú mọ́tò, tí wọ́n ń tẹná mọ́ ọn lọ síbi tí gbogbo ayé ti ń sá bọ̀.

"Storm chasing" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ wọn. Tí a bá ní ká pè é ní "lílé ìjì", ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ńṣe ni wọ́n ń lé e kúrò nílùú, bí ìgbà téèyàn ń lé ewúrẹ́ nídìí èlùbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń lépa rẹ̀ ni, kí wọ́n lè fojú rí i, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n wọn agbára rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi fídíò rẹ̀ pawó. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni tornado, ìjì tó ń yí bírí bírí láti inú ìkúukùu wá sílẹ̀. Ààjà ni àwọn bàbá wa ń pe afẹ́fẹ́ tó bá ń yí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tí ààjà bá gbé lọ, tó bá padà dé, á ti mọ ewé mọ egbò. Ààjà ti Oklahoma yàtọ̀. Kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ewé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé: ṣé ó yẹ kí òfin dá sí i? Ṣé kí ẹni tó bá fẹ́ lépa ìjì kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, bí awakọ̀ ṣe ń gba láísẹ́ǹsì? Wọ́n máa ń jà á níyàn gan-an níbí. Àwa mẹ́ta tí a jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílé, tí a tún wá bára wa ní Oklahoma, náà ti jà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀nà méjì ló gbà kàn wá. Ibi tí ìjì ń gbà kọjá là ń gbé. Iṣẹ́ tí a sì ń ṣe, ìyẹn kíkọ sọ́fítíwia tó ń fi ojú ọjọ́ hàn lórí fóònù, wà lára ohun tó sọ lílépa ìjì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè dìde ṣe lọ́sàn-án gangan.

Láyé ọjọ́un, àwọn alépa ìjì ò pọ̀. David Hoadley, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ní North Dakota láti ọdún 1956. Kò sí rédà nínú mọ́tò rẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́, máàpù bébà àti ojú ara rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1977, ó dá ìwé ìròyìn kékeré kan sílẹ̀, Storm Track, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa gbúròó ara wọn.

Ẹ wo bó ṣe rí báyìí. Ìjọba Amẹ́ríkà ní rédà ńláńlá tó tó nǹkan bí 160, NEXRAD ni wọ́n ń pè wọ́n, détà wọn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹ lè jókòó sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ máa wo òjò tó ń rọ̀ ní Kansas. Iṣẹ́ tiwa ni ká gba détà yẹn, ká fi àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa kùn ún, ká gbé e sórí máàpù. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa ìkúukùu á rí ibi tó pupa jù, á sì wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Fíìmù Twister tó jáde ní 1996 àti Twisters ti 2024 tún wá bu epo síná náà.

Ohun kan wà tí àwọ̀ pupa yẹn kì í sọ. Rédà máa ń yí ká ni: á wo ìsàlẹ̀, á gbójú sókè díẹ̀, á tún yí. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó wo ojú ọ̀run tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni détà á ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orí sáfà kọjá kó tó dé fóònù yín, àgàgà ní abúlé tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti dáa. Ìjì tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan á ti rin kìlómítà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí ìjì wà lẹ́ẹ̀kan lẹ̀ ń wò. Ìjì fúnra rẹ̀ ti lọ. Ní ọdún 2012, NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ òfuurufú pé àwòrán rédà iwájú wọn lè fi ìṣẹ́jú 15 sí 20 pẹ́ ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ. Tó bá rí báyìí fún páílọ́ọ̀tì, kí la fẹ́ sọ fún ọmọ ogún ọdún tó fi ọwọ́ kan di sítíárìn mú, tó fi ọwọ́ kejì di fóònù?

Ṣé kí òfin kúkú lé gbogbo wọn wálé ni? Ẹ ní sùúrù. Rédà ò lè rí ohun gbogbo. Ayé rí roboto, ìtànṣán rédà sì ń lọ gbọọrọ. Tó bá ti rìn tó kìlómítà 100, ó ti fi ohun tó ju kìlómítà kan lọ ga sókè ilẹ̀. Ó lè rí i pé ìkúukùu ń yí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló lè mọ̀ bóyá ààjà ti fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Èèyàn tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, tó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ló lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fi ní ètò tó ń jẹ́ SKYWARN, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ ojú ọ̀run. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ ju 300,000 lọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lépa ìjì o, ọ̀pọ̀ wọn ń wò ó láti iwájú ilé ara wọn. Àmọ́ àwọn alépa náà ń ké sí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ látojú títì, ìròyìn wọn sì wà lára ohun tó ń mú kí ìkìlọ̀ jáde kí ilé tó wó. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lọ́jọ́ ìjì, ojú àwọn wọ̀nyí wà lára ojú tí ìlú fi ń ṣọ́rí tirẹ̀.

A ò sì lè sọ̀rọ̀ yìí ká má dárúkọ Tim Samaras. Kò gboyè jáde ní yunifásítì kankan. Fúnra rẹ̀ ló tú ẹ̀rọ palẹ̀, tó tò ó padà, títí ó fi di ẹnjiníà. Ó ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n kan tó pẹlẹbẹ, tó rí bí ìkarahun ìjàpá, kí ìjì má baà lè gbé e. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2003, ní Manchester ní South Dakota, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà ààjà, ó sì sá. Ìjì náà gba orí ẹ̀rọ yẹn kọjá, ẹ̀rọ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ já wálẹ̀ ní mílíbà 100. Kò sí ẹni tó tíì wọn irú rẹ̀ rí. Ẹni tí kò ní sátífíkéètì ló mú ìmọ̀ yẹn wá fún àwọn tó ní.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìjì kan jà ní El Reno, tí kò jìnnà sí Oklahoma City. Fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 4.2. Kò tíì sí tornado kankan tí wọ́n wọ̀n tó fẹ̀ tó o. Òjò bò ó lójú, ó ṣàdédé yà, ó tún sáré sí i. Ó gbá mọ́tò Samaras mú. Òun, Paul ọmọ rẹ̀, àti Carl Young tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló kú. Ará Oklahoma kan tó ń lépa ìjì náà bá a lọ. Èèyàn mẹ́jọ ni tornado yẹn pa lápapọ̀. Àwọn tó mọ Samaras gbà pé kò sí alépa ìjì tó ń ṣọ́ra tó o. Lẹ́yìn ikú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sórí Spotter Network, máàpù tí àwọn alépa fi ń sọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n sì to àmì wọn títí ó fi di lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa tí a ń kọ irú máàpù bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èèyàn kan ló wà lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó yẹ ká tún rántí nípa El Reno ni títì. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn alépa ń lọ, ọkọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń lọ, àwọn ará ìlú tí ẹ̀rù bà náà kó ọmọ sínú mọ́tò, wọ́n ń sá. Ọ̀nà há. Ẹni tó bá há sínú irú gó-síló bẹ́ẹ̀, kò ní ibi tó fẹ́ sá sí.

Ikú méjì mìíràn tún wà tí a kì í lè gbójú fò. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, nítòsí Spur ní Texas, àwọn alépa méjì kò dúró níbi àmì tó ní kí ọkọ̀ dúró. Wọ́n lọ kọlu ọkọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 25 kan tí òun náà ń wo ìjì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kú lójú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́ta tó ń kọ́ nípa ojú ọjọ́ lọ wo ìjì ní Kansas. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé lálẹ́, ọkọ̀ wọn yọ̀ lórí omi òjò, tírélà sì gbá wọn. Ẹ wò ó dáadáa: nínú méjèèjì, ààjà ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Títì ló pa wọ́n.

Ibí yìí ni iyàn wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹni tó ń gẹrun pàápàá ń gba ìwé àṣẹ ní Oklahoma. Ẹni tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti tẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ ńkọ́?" Kò parọ́. Èkejì ní títì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ojú ọ̀run náà bẹ́ẹ̀, ìjọba wo ló fẹ́ sọ fún èèyàn pé kó má gbójú sókè? Òun náà ò parọ́. Àwa méjèèjì tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ń jà, ẹnì kẹta wa sì bi wá ní ìbéèrè tó pa wá lẹ́nu mọ́: "Lọ́jọ́ ìjì, ta ló fẹ́ máa bèèrè ìwé àṣẹ yẹn lọ́wọ́ ta ni?"

Ẹ fojú inú wò ó. Àwa mẹ́ta, ọkùnrin dúdú, nínú mọ́tò kan, ní abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn Oklahoma. Láptọ́ọ̀pù wà lórí itan, rédà ń tàn lójú fóònù, ojú ọ̀run ti dúdú. Ṣé alépa ìjì ni wá, àbí ibi iṣẹ́ la ti ń bọ̀? Gbogbo ẹni tó bá wà nítòsí ìjì ló ń wo rédà. Àgbẹ̀ ń wò ó, awakọ̀ tírélà ń wò ó, ìyá tó fẹ́ lọ gbé ọmọ níléèwé ń wò ó. Òfin tó bá dá lórí "ta ni ọ́?" gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò dá èèyàn dúró bèèrè. Àwa tí a ti gbé láptọ́ọ̀pù rìn nílé rí, tí wọ́n ti dá dúró lójú títì nítorí báàgì ẹ̀yìn wa, mọ ẹni tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bá.

Ní ọdún 2025, àbá òfin kan dé iwájú ilé aṣòfin Oklahoma. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń tọpa ìjì fún iléeṣẹ́ ìròyìn tàbí yunifásítì máa gba ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì lè tan iná àkànṣe lórí ọkọ̀ wọn. A mọ ohun tí wọ́n ń wá: kí ọlọ́pàá lè mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣeré. Èrò náà dáa. Àmọ́ ẹ gbé e lé orí ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn méjì tí kò dúró níbi àmì ní Texas, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló gbéṣẹ́ fún wọn. Lábẹ́ irú òfin yìí, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́ta yẹn náà, ilé ẹ̀kọ́ gidi ni wọ́n wà. Samaras tí ìmọ̀ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ lọ, kò ní ìwé-ẹ̀rí tó fẹ́ fi hàn, àfi tí iléeṣẹ́ kan bá dúró fún un. Ìwé àṣẹ tó yẹ kó ya ẹni tó léwu sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò léwu, ibi tí kò yẹ ló ti là á.

Nídìí iṣẹ́ wa, ìbéèrè méjì ni sáfà máa ń bi ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn: "Ta ni ọ́?" àti "Kí lo fẹ́ ṣe?" Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ dáadáa mọ̀ pé ìbéèrè kìíní nìkan ò tó. Ẹni tí a mọ̀ dáadáa, tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, lè wọlé kó sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Òfin ìjì náà, ohun tí èèyàn ń ṣe lójú títì ló yẹ kó dì mú.

Irú òfin wo wá ni? Àkọ́kọ́, tí ìkìlọ̀ tornado bá ti jáde, kí owó ìtanràn fún ẹni tó bá páàkì sójú títì, tó fojú fo àmì ìdúró, tàbí tó dí ọ̀nà áńbúláǹsì di ìlọ́po. Ẹ ó ní ọlọ́pàá ò ráyè lọ́jọ́ náà, òótọ́ ni, wọ́n ń gba ẹ̀mí là. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn alépa wọ̀nyí ń ka ara wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ìrìn wọn sáfẹ́fẹ́ láìfù, pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó. Kò sí ọ̀daràn tó ń ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí ìjì kọjá, kí wọ́n fara balẹ̀ wo fídíò tí wọ́n fúnra wọn fi síta, kí wọ́n sì fi ìwé ìtanràn ránṣẹ́ sílé. Kò gba kí wọ́n dá aláìṣẹ̀ kankan dúró nínú òjò.

Èkejì, kí òfin wo ẹni tó ń jẹ èrè. Lẹ́yìn ìjàǹbá ti 2017, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pe iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà lẹ́jọ́, ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 125 dọ́là. Kò yẹ kó jẹ́ ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ ló máa dá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ń sanwó fún alépa, tàbí tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wá fi ìjì ṣe ìran wò, ó yẹ kó ní ìwé adójútòfò tó lè bo ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe, kó sì máa wo bí awakọ̀ rẹ̀ ṣe ń wakọ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwa náà. Áàpù tó bá ń fi rédà hàn, kí ó kọ ọjọ́ orí àwòrán náà gàdàgbà sójú ibi tí awakọ̀ á ti rí i: "Ìṣẹ́jú mẹ́fà ti kọjá lórí èyí." Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ìlà kóòdù díẹ̀ ni. Ohun tó ń mú kí àwọn iléeṣẹ́ lọ́ra ni pé àwòrán tó bá jẹ́wọ́ pé òun ti pẹ́ kì í dùn ún tà bí èyí tó ń ṣe bí ẹni pé ìsinsìnyí ni. Ibi tí ọjà bá ti lọ́ra báyìí gan-an ló yẹ kí òfin ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fídíò tí alépa ti sún mọ́ ìjì jù ló máa ń rìn jù, ojú yín tó ń wò ó sì ni owó rẹ̀. A ò ní kí ẹ má wò ó. Àwa náà ń wò ó. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ń dúró sọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ń ṣàlàyé ohun tí ìkúukùu ń ṣe, tí wọ́n sì ń ké sí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà. Ẹ bá wọn gbé fídíò tiwọn náà kiri.

Tí àwọn aṣòfin bá tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, a fẹ́ kí wọ́n ronú nípa obìnrin kan tó ń gbé nínú ilé onípákó tí kò ní ihò ààbò. Ìkìlọ̀ ti jáde. Ó ti kó ọmọ méjì sẹ́yìn mọ́tò, ó ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní ihò, kìlómítà mẹ́ta péré. Kí wọ́n bi ara wọn bóyá ọ̀nà rẹ̀ là. Ẹni tó bá dí i, ì báà ní ìwé àṣẹ, ì báà má ní in, òun ni kí òfin mú.